Ohun Tí Fíìmù Caché Kọ́ Mi Nídìí Iṣẹ́ Gígé Fíìmù

Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni gígé fíìmù àti títò ó pọ̀. Ìlú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é, fíìmù Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ń gba ọwọ́ mi kọjá. Nítorí iṣẹ́ yìí mo ti wo fíìmù ilẹ̀ òkèèrè púpọ̀, ti Íńdíà, ti Ṣáínà, ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tí ó yí ọwọ́ mi padà jù lọ nídìí kọ̀ǹpútà ni fíìmù elédè Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caché, èyí tí Michael Haneke kọ, tí òun náà sì darí, tí ó jáde ní ọdún 2005. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa máa ń bi mí bí a ṣe ń mú kí àyà òǹwòran máa já láìlo ìlù tàbí ariwo, kò sì sí fíìmù tí mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí bí kò ṣe èyí.

Kì í ṣe Nàìjíríà ni mo ti kọ́kọ́ wò ó. Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó lọ́kọ síbẹ̀, tí mo ń kọ́ èdè Faransé, àwa tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń lọ wo fíìmù ní Kútọnu lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà parí, a jiyàn títí a fi wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń sọ: ta ni ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ránṣẹ́ sí tọkọtaya inú fíìmù náà? Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tí fíìmù náà ń bi wá.

Ilé kan ní Paris ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà dúró ní òpópónà kékeré kan tí ń jẹ́ rue des Iris, ó kọjú sí ilé tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì mira. Orúkọ àwọn òṣèré àti àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde sórí àwòrán náà ní lẹ́tà wínníwínní. Èèyàn kọjá, kẹ̀kẹ́ kọjá, obìnrin kan jáde nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí a tó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwa fúnra wa ń wò, tí àwòrán náà sì ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń rí nígbà tí a bá ń dá kásẹ́ẹ̀tì fídíò padà. Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn onílé wà nínú pálọ̀ tí wọ́n ń wo ilé ara wọn, àti pé ẹnì kan ti dúró síta ní ọjọ́ kan tí ó ń ya ilé náà láìjẹ́ pé wọ́n rí i.

Georges Laurent ni orúkọ baálé ilé náà, Daniel Auteuil ni ó sì ṣe é. Ètò lórí ìwé kíkà ni Georges ń ṣe atọ́kùn rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Anne ìyàwó rẹ̀, èyí tí Juliette Binoche ṣe, ń bá ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé jáde ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní ọmọkùnrin kan, Pierrot, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Kásẹ́ẹ̀tì ń wọlé tọ̀ wọ́n, kò sí ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó gbé e wá. Àwọn àwòrán tí wọ́n fi wé e dà bí èyí tí ọmọdé yà: ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àkùkọ tí wọ́n bẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò béèrè owó, kò sì sọ ohun tí ó fẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan fi ilé oko tí Georges gbé dàgbà hàn. Òmíràn mú wa lọ sí ìgbèríko Paris, ó mú wa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà púpọ̀ kan tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé, títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn kan. Ẹni tí ń gbé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà ni Majid, ọmọ Àlgéríà tí òun àti Georges jọ wà nílé oko yẹn nígbà èwe wọn.

Àwọn òbí Majid ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òbí Georges. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, wọ́n lọ sí Paris, wọn kò sì padà wá mọ́. Àwọn òbí Georges pinnu pé àwọn yóò gba ọmọ náà ṣọmọ. Georges, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ parọ́ pé Majid ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí irọ́ yẹn kò ràn, ó sọ fún Majid pé bàbá àwọn ní kí ó pa àkùkọ, ó wá lọ bá àwọn òbí rẹ̀ pé ńṣe ni Majid fẹ́ fi dẹ́rù ba òun. Wọ́n gbé Majid lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ: irọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà pa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irọ́ náà so mọ́ ni ó mú un wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà wà nínú ìtàn ní tòótọ́. Ogun òmìnira Àlgéríà ń sún mọ́ òpin nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá Paris, Maurice Papon, ti kéde òfin kónílé-ó-gbélé tí ó de àwọn ará Àlgéríà nìkan, láti agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ títí di agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ẹgbẹ́ FLN tí ń jà fún òmìnira pe àwọn èèyàn wọn jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní ìrọwọ́rọsẹ̀, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé sì jáde. Àwọn ọlọ́pàá fi kùmọ̀ lù wọ́n, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju àwọn kan sínú odò Seine, wọ́n sì kó èèyàn tí ó lé ní 11,000 sí àtìmọ́lé. Ohun tí ìjọba kọ́kọ́ sọ ni pé èèyàn mẹ́ta ni ó kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n tú ìwé wò lẹ́yìn náà sọ pé iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, àwọn kan nínú wọn sì gbé e kọjá igba. Ọdún 2001 ni ìlú Paris tó gbé àmì ìrántí kan sí ẹ̀bá afárá Saint-Michel. Ní ti Papon, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 1998 nítorí ipa tí ó kó nínú kíkó àwọn Júù ní Bordeaux lọ fún àwọn Násì, ṣùgbọ́n kò jìyà kankan fún ti 1961.

Ẹ wo bí Haneke ṣe lo ọ̀rọ̀ ńlá yìí. Kò ya ìpànìyàn náà rárá. Kò sí ibi tí a ti rí odò, kò sí ọlọ́pàá tí ń fi kùmọ̀ lu èèyàn, kò sí ìran ìrántí tí a fi orin arò sí. Georges kàn sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nínú gbólóhùn kúkúrú bíi mélòó kan, ó dárúkọ Papon, ó dárúkọ odò Seine, ó sì sáré kọjá bí ẹni tí ń sọ nípa ọjọ́ tí òjò rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní láti dá fíìmù dúró lọ́kàn mi. Mo bi ara mi pé, báwo ni ọkùnrin tí ó mọ̀wé tó báyìí, tí ń fi ìwé ṣe iṣẹ́ jẹun, ṣe lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ahọ́n tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tí mo kà sí pàtàkì jù: ọ̀nà tí èèyàn ń gbà yẹra fún ọ̀rọ̀ lè fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi hàn ju kí a ya ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé fíìmù kan fún mi tí ìran ìrántí pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí n yọ gbogbo wọn kúrò, kí n wo ojú ẹni tí ń rántí nìkan, kí n sì wò ó bóyá ojú náà tó. Ó máa ń tó lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí kò bá tó, a ó dá ìkan padà.

Àwọn òṣèré tí Haneke yàn kún ìtàn náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú fíìmù. Ìlú Algiers ni wọ́n ti bí Auteuil ní ọdún 1950, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣì ń jọba níbẹ̀. Maurice Bénichou, ẹni tí ó ṣe Majid, ìlú Tlemcen ní Àlgéríà náà ni wọ́n bí i sí. Ilẹ̀ kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì tí wọ́n jókòó kọjú síra wọn nínú yàrá ìdáná kékeré yẹn, ọ̀kan ń halẹ̀, èkejì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó ń pọ́n ọn lé, ó ń bi í ní ohun tí ó fẹ́ mu. Bénichou kò gbé ohùn sókè. Èmi kò tí ì rí òṣèré mìíràn tí ó lo ìwà pẹ̀lẹ́ báyìí tí ó sì mú kí ara òǹwòran gbóná tó bẹ́ẹ̀. Annie Girardot ni ó ṣe ìyá Georges, lórí ibùsùn ni ìyá àgbà náà sì wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi í nípa Majid díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà kò fẹ́ rántí, ó sì mọ̀ pé ohun kan ń jẹ ọmọ òun lọ́kàn. Ìran kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti òbí àgbàlagbà rí, tí ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ilé ayé.

Ọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà kàn báyìí, òun ni mo sì kà sí ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn tí ó ṣe fíìmù náà. Fídíò dígítà tí ó mọ́ kedere ni Christian Berger, ayàwòrán rẹ̀, fi ya gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán inú kásẹ́ẹ̀tì àti àwòrán ìtàn fúnra rẹ̀ rí bákan náà, kò sí àwọ̀ tàbí èérí tí yóò sọ fún wa pé èyí ni kásẹ́ẹ̀tì, èyí kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Nígbàkígbà tí kámẹ́rà bá ti dúró sójú kan, ojú wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wá igun, wá fèrèsé, wá ọkọ̀ tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a ó sì máa bi ara wa pé ta ni ń wo èyí? Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó dẹ́rù bà wá. Àwa ni a ń dẹ́rù ba ara wa, fíìmù náà sì jókòó jẹ́ẹ́. Ní ìlú wa, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ní kí n pa àwọ̀ àwòrán dà, kí ó di dúdú àti funfun tàbí kí ó ṣú, kí òǹwòran lè mọ̀ pé àlá ni tàbí pé ìgbà àtijọ́ ni. N kò bá ọ̀nà yẹn jà, ó ní ibi tí ó wúlò. Ṣùgbọ́n Haneke fi hàn mí pé nígbà tí a kò bá sọ fún òǹwòran ohun tí ó ń wò, ṣíṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ wa kò ní dẹ̀.

Kò sí orin kankan nínú rẹ̀ tí a fi sí abẹ́ ìran láti sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí lára wa. Wákàtí méjì tí kò pé tán ni fíìmù náà, ohun tí a sì ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ẹyẹ, ọkọ̀, abọ́, ìlẹ̀kùn, tẹlifíṣàn. Ẹ̀rọ tẹlifíṣàn pálọ̀ wọn tóbi, ìwé sì yí i ká dé òkè àjà. Ní alẹ́ tí Pierrot kò wálé, tọkọtaya náà ń fò láyà, wọ́n ń pe fóònù kiri, wọ́n sì ń jà, ìròyìn ogun Ìráàkì sì ń lọ lójú tẹlifíṣàn láàárín àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé wọ́n wò ó. Haneke kò sún kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣàn náà. Ẹni tí ó bá rí i, rí i. Mo ti wo ìran yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ojú kálukú wọn sì ń lọ síbi tí ó wù ú. Àwọn kan kò mọ̀ pé ìròyìn ogun wà níbẹ̀ àfi ìgbà tí a dá a padà.

Ìran mìíràn wà tí ó kan iṣẹ́ tiwa gan-an. Georges wà ní yàrá tí wọ́n ti ń gé ètò rẹ̀, àwọn àlejò inú ètò náà ń jiyàn lórí akéwì Rimbaud, ó sì ní kí wọ́n gé ibì kan kúrò nítorí pé àlàyé náà ti ń jinlẹ̀ jù. Ìran náà kò gùn, ó sì rọrùn láti kà á sí iṣẹ́ òòjọ́ ọkùnrin náà lásán. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí rí i pé ìwà Georges ni wọ́n fi hàn wá níbẹ̀. Ohun tí kò bá fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́, ó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ tí ojú ibi tí a gé kò sì ní hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ìgbà èwe rẹ̀. Ó tún parọ́ fún Anne pé òun kò bá ẹnikẹ́ni nílé Majid, kásẹ́ẹ̀tì tí ó tẹ̀lé e sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin méjèèjì jọ sọ hàn, àti Majid tí ó ń sunkún lẹ́yìn tí Georges ti lọ tán.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Inú ìgbàgbọ́ yìí ni mo dàgbà sí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá dúró lé: àṣírí á tú, ẹni tí ó ṣe ibi á ka ẹjọ́ ara rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ìyà á sì jẹ ẹ́. Nínú Caché, òótọ́ lé irọ́ bá lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, kò sì sí ohun tí ó ṣe irọ́. Majid pe Georges wá sílé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lójú rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà dúró sí, kò sún mọ́ ọn, kò sá kúrò. Lẹ́yìn èyí, Georges lọ sí ilé sinimá kí ó tó lọ sílé. Nígbà tí ọmọkùnrin Majid wá bá a níbi iṣẹ́ láti mọ bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀ láti ní ẹ̀mí èèyàn lọ́rùn, Georges bínú, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ó padà sílé lọ́sàn-án gangan, ó mu oògùn, ó fa aṣọ fèrèsé, ó sì sùn. N kò tíì rí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó àìsíyà yìí. Wọn kò fún ọmọkùnrin Majid lórúkọ rárá nínú fíìmù náà. Ọmọ Majid náà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Walid Afkir tí ó ṣe é.

Mo lo ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí mo ń gé fíìmù kan tí ìtàn rẹ̀ dá lórí agboolé kan tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin agboolé náà, ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n mú lẹ́rú wá sínú ilé náà láyé ogun. Kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde lójú rẹ̀. Ohun tí olórí ẹbí ṣe ni pé nígbà tí ó ń pe ojúlé kọ̀ọ̀kan, ó fo ojúlé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ agboolé Yorùbá mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú ilé púpọ̀, a kì í sì í sọ ọ́. Wọ́n ti ya ìran ìrántí kan nípa ogun àti ìmúlẹ́rú láti fi há àárín rẹ̀, wọ́n sì ti kọ orin sí i. Mo yọ méjèèjì. Mo fi àwòrán ojú ọkùnrin náà sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n fo ojúlé rẹ̀ títí wọ́n fi pín obì tán, tí àwọn tí ó kù ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Olùdarí fíìmù náà jẹ́ àgbà obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Wọ́n jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé kò ti pẹ́ jù báyìí? Àwọn èèyàn á rò pé fóònù wọn ló há.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá mi wò ó dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá gé e.”

Wọ́n wò ó dé òpin, wọ́n ní kí n tún dá a padà, wọ́n sì tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún mi níbi ìsìnkú. Mo fẹ́ yọ oríkì tí ìyá àgbà kan ń kì níbẹ̀, Màmá sì sọ fún mi pé oríkì kì í ṣe orin tí a ti ibòmíràn gbé wá sábẹ́ àwòrán, ẹni tí ń kì í wà lójú wa nínú ìran náà, òkú náà ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, mo sì ti ń lo òdiwọ̀n yẹn láti ọjọ́ náà: ohùn tí ó bá ní ẹni tí ń mú un jáde nínú ìtàn, kí ó dúró, èyí tí a fi ń ti òǹwòran láti sunkún, a ó kọ́kọ́ yọ ọ́ wò ná.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa Haneke fúnra rẹ̀. Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1942, Austríà ni ó sì ti dàgbà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ìrònú ẹ̀dá àti eré orí ìtàgé ní Vienna, ó sì ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1989 ni fíìmù sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, nígbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé ọjọ́ ti lọ lórí àwọn nítorí pé wọ́n ti pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin, Fránsì, Austríà, Jámánì àti Ítálì, ni owó fíìmù náà ti jáde, Margaret Menegoz àti Veit Heiduschka sì wà lára àwọn tí ó gbé e jáde. Haneke gba ẹ̀bùn olùdarí tí ó dára jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí ó dùn mọ́ èmi nínú jù ni èyí tí wọ́n fún Michael Hudecek àti Nadine Muse, àwọn tí ó gé e, níbi ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2005. Ojú tí kò mọ iṣẹ́ yóò sọ pé kí ni wọ́n gé nínú àwòrán tí kò mira? Ibi tí ó yẹ kí àwòrán parí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kún ìran ibùgbé Majid, yóò di ìwà ìkà. Bí wọ́n bá yọ díẹ̀ kúrò, yóò di eré lásán.

Ilẹ̀ Fránsì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà sọ kò tíì di ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2005 ni ó jáde síbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọkùnrin méjì kú sínú ibùdó iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní Clichy-sous-Bois níbi tí wọ́n ti ń sá fún ọlọ́pàá, àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko ìlú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí ó wá láti Áfíríkà, sì dìde káàkiri orílẹ̀-èdè náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú fíìmù náà, ìran kan wà tí Georges sọ̀kalẹ̀ sí títì láìwo ọ̀tún wo òsì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ó gun kẹ̀kẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Georges bú u, ọ̀dọ́ náà kò gbà, ó dojú kọ ọ́, Anne ni ó sì là wọ́n. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n sọ fún mi pé ìran yẹn ni ó jọ ìgbésí ayé wọn jù nínú gbogbo fíìmù náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Oscar rẹ̀ náà kàn wá. Austríà fi Caché sílẹ̀ fún ẹ̀ka fíìmù elédè àjèjì, wọn kò sì gbà á, nítorí pé èdè Faransé ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, èyí tí kì í ṣe èdè Austríà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí òfin yẹn padà. Ní ọdún 2019, wọ́n kọ Lionheart ti Genevieve Nnaji, èyí tí Nàìjíríà kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀ka yẹn, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n mo rí i kọ́ pé kí àwa tí a ń ṣe fíìmù ní èdè abínibí tiwa má ṣe fi ojú kékeré wo èdè náà nígbà tí a bá ń kọ ìwé eré. Ó ti pọ̀ jù nínú fíìmù wa tí àwọn òṣèré ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá láìní ìdí kan.

Ní ti ẹni tí ó fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, Majid sọ pé òun kọ́, ọmọ rẹ̀ náà sọ pé òun kọ́, mo sì gba àwọn méjèèjì gbọ́ nígbà tí mo bá ń wo ojú wọn. Àwòrán tí ó gbẹ̀yìn fíìmù náà ni àtẹ̀gùn iwájú ilé ẹ̀kọ́ Pierrot. Kámẹ́rà jìnnà, kò mira, àwọn ọmọ ilé ìwé ń jáde, àwọn òbí ń dúró dè wọ́n. Láàárín ogunlọ́gọ̀ náà, ní apá òsì, ọmọ Majid wá bá Pierrot, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́, wọ́n sì pínyà. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé àwọn ọmọ méjèèjì ni ó wà nídìí rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn bàbá wọn kò lè sọ, fíìmù náà kò sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò gbà pẹ̀lú mi títí di òní, ó sì ní ìdí tirẹ̀ tí n kò lè bì ṣubú.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo fi fíìmù náà hàn ni kò rí àwọn ọmọ méjèèjì rárá ní ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá àwọn tí ó wò ó lórí fóònù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, mo rọ̀ ọ́ kí ó wá ojú àwòrán tí ó tóbi, kí ó wá ẹ̀dà tí ó wà ní èdè Faransé gangan tí wọ́n kọ ìtumọ̀ sí nísàlẹ̀, kí ó má sì dìde nígbà tí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọdé ti sùn, nítorí ìran ikú Majid kò yẹ fún ojú wọn.